Ẹ Ta Á Wò Kí Ẹ Tó Dáwó



Ní ọdún 2012, wọ́n gbé géèmù Monopoly ti ìlú Èkó jáde. Makoko àti Banana Island wà lórí pátákó rẹ̀. Ìyẹn ló mú mi ya ti Àgbádárìgì: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845, Gberefu, títí dé Kankon wa níbí.

Mo rò pé mo ti yà á tán. Irọ́ ni! Nígbà tí iná lọ, tí a tan àtùpà, ọmọ mi ò mọ búlúù yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, kò sì rí lẹ́tà kà. Mo tún un yà: lẹ́tà di ńlá, mo ya ẹja sára búlúù, mo ya àgbọn sára àwọ̀ ewé.

Ó wá ku owó ìtẹ̀wé. Àwọn òyìnbó ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdáwó ò sì ṣàjèjì sí àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáwó ń retí nǹkan. Mi ò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé lórí tábìlì: ẹ ta á wò, ẹ sọ àléébù rẹ̀. Bó bá wù yín, akápò ẹgbẹ́ ni kó gbowó, kì í ṣe èmi. Bówó ò bá pé, kó dá a padà fún olówó.