Owó Iṣẹ́ Àwọn Àgbà Olórin Ráàpù
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní Ìṣẹ́yìn)



Nígbà tí a fi orí ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí akọ̀wé, ẹ̀rín ni ó fi dá wa lóhùn. Ó ní kí ni ó kan olùkọ́ tí í ṣe àlùfáà nínú orin àwọn ọmọ ìgboro? Ẹgbẹ́ yìí ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òun yóò gbé èdè Yorùbá ró. Ẹni tí ó bá ti ń fi èdè náà ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá, ì báà wọ ṣòkòtò tí ó ya lórúnkún.

Ìlú New York ni hip hop ti ṣẹ̀ ní ọdún 1973. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, Lord of Ajasa wà lára àwọn tí ó fi Yorùbá ṣe é. Dagrin tẹ̀lé e, ó gbé àwo C.E.O. jáde ní ọdún 2009, ó sì kú ní oṣù kẹrin ọdún 2010 lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti ń hu ewú báyìí.

Báwo ni wọ́n ti ń jẹun? Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì àti CD, olórin tí kò ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn a gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Alábà ní Èkó. Oníṣòwò a sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àwọn tí ń ṣe ayédèrú a sì kó èyí tí ó kù. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni orin wà, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kéré fún ẹni tí olùgbọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Òde ìnáwó ni ó kù fún un. Bí àìsàn bá dé ńkọ́? Eedris Abdulkareem, ẹni tí orin rẹ̀ Jaga Jaga mi ilẹ̀ yìí tìtì ní ọdún 2004, kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022. Aya rẹ̀ ni ó fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Àwa olùkọ́, bí owó ìfẹ̀yìntì wa tilẹ̀ ń pẹ́, a ní ohun tí a ń retí. Olórin tí ó dá dúró kò ní.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tí a kò ní dárúkọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ní ọ̀sán ó ń hun aṣọ òfì. Ní alẹ́ ó ń kọ orin. Owó aṣọ ni ó sì fi ń gba orin sílẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa ni alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ kan, a sì pè é. Ó ṣe é tí àgbà àti ọmọdé dìde dúró. Lẹ́yìn náà a gbàdúrà fún un, a fún un ní owó ọkọ̀. Ẹni tí ó yá wa ní àga gba owó tirẹ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àdúrà yìí kò ṣeé fi ra òwú."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí a sùn. Àwa ni a ń wàásù pé ọ̀yà alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Àwọn kan wí pé bí ó bá mọ orin kọ ní tòótọ́, kì bá tí máa hun aṣọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ni oníjàálá, ìbọn ni ó sì fi ń bọ́ ọmọ. Kò sí ẹni tí ó tìtorí èyí wí pé ìjálá rẹ̀ kò dára. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nígbà tí onírárà bá ń kì ènìyàn, ojú rẹ̀ ni olówó ń wò, owó a sì dé kí ohùn tó tán. Lónìí, ohùn ń rìn láìsí olóhùn, owó a sì gba ọ̀nà mìíràn lọ. Láńrewájú Adépọ̀jù, akéwì tí ó kú ní ọdún 2023, mọ èyí; ó dá ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀, Lanrad, sílẹ̀. Òfin pàápàá wà: ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tí ó kọ orin ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ títí ayé rẹ̀ àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ẹnu lásán ta iṣẹ́ rẹ̀, tí kò ní ìwé lọ́wọ́, yóò ṣòro fún un láti fi òfin náà jà.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí a tó pe olórin kankan sí ayẹyẹ wa, kí a dá iye owó, kí a sì san ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, kí àwa tí a mọ ìwé kọ bá wọn kọ ìwé àdéhùn ní èdè Yorùbá, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ní oṣù tí ó kọjá, a lọ bá ọkùnrin náà nídìí òfì rẹ̀, a san gbèsè wa pẹ̀lú ìtìjú. Ó kà á, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ ra òwú lójú wa. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ìwé ìnáwó yín wò.