Àwọ̀ Lọ, Ìdọ̀tí Kò Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Fífi Kẹ́míkà Tọ́jú Omi Aró



Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ná ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọjà náà ń jẹ́, torí iṣẹ́ aṣọ wà lára ohun tó sọ Ìsọlọ̀ di àdúgbò ilé iṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń pa aṣọ láró, omi aró á jáde. Nínú aró ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní reactive, apá tí kò ní dì mọ́ òwú lè tó ìdajì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀, gọ́tà ni yóò gbà lọ.

Báwo la ṣe ń pa irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ run, tí a kò ní tì í sí ojúlé ẹlòmíràn? Iṣẹ́ tó lè ṣe é kò ṣàjèjì sí aláró ẹ̀lú. Bí ó bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ a máa jọ ewé tó fẹ́ pọ́n. Bí atẹ́gùn bá kàn án, á di búlúù. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ aró náà, gbígbà yẹn la sì ń pè ní oxidation. Èyí tó mọ níwọ̀n ń mú ẹ̀lú yọ. Èyí tó lágbára gan-an lè jó aró run, kó ku omi, carbon dioxide àti iyọ̀ díẹ̀.

Ní 1894, H. J. H. Fenton, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé haidirójìn pẹrọ́sáìdì àti iyọ̀ irin díẹ̀ lè ba ásíìdì inú èso àjàrà jẹ́. A ti wá mọ̀ pé hydroxyl, tó ń jáde láti ara pẹrọ́sáìdì náà, ló ń ṣe iṣẹ́ náà jù: kì í pẹ́ rárá kó tó pòórá, ṣùgbọ́n ó lágbára ju kílórínì àti ósóònù lọ. Bí a bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí fún omi aró, omi náà gbọ́dọ̀ kan, kí pH rẹ̀ súnmọ́ 3. Lẹ́yìn náà, a ó fi láìmù pa kíkan rẹ̀, irin á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí a ń dà sí gọ́tà.

Ẹ jọ̀wọ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Bí omi aró bá mọ́ gaara lójú wa, ọkàn wa á balẹ̀, ewu sì lè wà níbẹ̀. Ìsopọ̀ nitrogen méjì ló ń gbé àwọ̀ aró azo. Bí ìsopọ̀ náà bá já, àwọ̀ á lọ, ṣùgbọ́n èérún aró ṣì wà nínú omi. Kánààlì tó dákẹ́, tí kò ní afẹ́fẹ́, pàápàá lè já a: kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ ló ń ṣe é, wọ́n sì lè fi èérún aró tí a ń pè ní amine sílẹ̀. Lára irú amine bẹ́ẹ̀ ni benzidine, tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Kílórínì náà kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ní 1974, Johannes Rook fi hàn ní Rotterdam pé kílórínì àti ìdọ̀tí ewéko inú omi máa ń bí chloroform. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má fi kílórínì sí kànga o; kọ́lẹ́rà ń pani kíákíá. Omi ilé iṣẹ́ ni mò ń sọ.

COD ni kí a máa béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́: ìwọ̀n ọ́síjìn tí yóò gbà láti jó ìdọ̀tí inú omi náà. Kílò kan COD ń fẹ́ pẹrọ́sáìdì tó lé ní kílò méjì, owó gidi sì ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí kọ́kọ́ jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ nínú kòtò tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kí kẹ́míkà wá dojú kọ èyí tó ṣorí kunkun. Àwọn aláró kéékèèké lè dá owó jọ kọ́ ojúkò ìtọ́jú omi kan ṣoṣo. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, wà ní Òṣòdì wa níbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Kí ẹni tó bá fẹ́ wọn COD rí i dájú pé pẹrọ́sáìdì ti tán nínú omi, torí èyí tó ṣẹ́kù a máa mú òǹkà náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.