Kí Ni Àìṣègbè Gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tú lónìí: àìṣègbè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìyànà Ìbà ló fà á.

Mo wọ danfo tó ń lọ sí Mile 2. Ìyá tó jókòó tì mí fún kọ̀ńdọ́ ní ₦1,000. Ó ṣojú mi. Nígbà tí ìyá bèèrè ṣéńjì, kọ̀ńdọ́ ní ₦500 ló fún òun. Ìyá kọjú sí mi: "Ọmọ mi, ṣebí o rí i?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Neutral ni mo wà."

Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín: "Bùrọ̀dá ti fi gíà sí fíríì o!" Ìyá náà sọ̀kalẹ̀ láì gba ṣéńjì rẹ̀.

Inú èdè Látìn ni neutral ti wá: kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Tiwa ńkọ́? Bí olórin bá dá orin, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gbè é. Ohun tí wọ́n gbè yẹn là ń pè ní ègbè. Ẹni tó bá ń ṣègbè, orin ẹlòmíràn ló ń gbè. Aláìṣègbè kì í gbe orin ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó má ní ohùn tirẹ̀? Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Wọn ò ní ká má dá ẹjọ́ o! Ká gbọ́ tọ̀tún-tòsì, ká wá sọ òótọ́.

Nígbà ogun Biafra, 1967 sí 1970, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kan bá Red Cross ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn, bíi Bernard Kouchner, ní àwọn ò lè rí irú ìyà yẹn káwọn panu mọ́. Wọ́n wà lára àwọn tó dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní 1971. Ẹgbẹ́ yẹn náà ní àwọn kì í ṣègbè: wọ́n ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n bá fojú rí.

Mọ́tò tó wà ní fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ló ń yí lọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mi ò ṣègbè. Irọ́ ni. Orin kọ̀ńdọ́ ni mo fi ìdákẹ́ gbè. Ìyá yẹn ò ní kí n bá òun jà. Ohun tí mo rí ló ní kí n sọ.

Tí wọ́n bá bi yín lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Ó dìgbà.