Ilé Tí Ń Sọ̀tàn ní Erékùṣù Èkó

Ẹ̀yin ará Adó, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá dé Èkó, ẹ yà sí Oníkan. Ẹ ó rí ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí a fi orúkọ Dókítà John Randle pè, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní 2023. Omi ló yí erékùṣù Èkó ká. Nítorí náà ni a ṣe fi owó dókítà náà ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928, kí àwọn ọmọ lè mọ omi wẹ̀.

Nínú ilé náà, àwòrán ń rìn lára ògiri, ohùn ń sọ̀rọ̀, ìlù ń dún. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá yóò gbọ́ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ohùn tí a kò gbà sílẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìtàn Adó, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìyìn wà lẹ́nu àwọn àgbà wa. Bí àgbà bá kú, tirẹ̀ bá a wọlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti bàbá àgbà lálẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, níbo ni àwọn baba ńlá wa ti wá?” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn.