Eṣinṣin Tí Ń Mu Ẹ̀jẹ̀ Màlúù

Àwọn àgbà ní Ọlọ́run ní í bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tí ó nírù pàápàá kò lè fi ìrù nìkan gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ni ẹran ni kí ó bá a lé e. Kí ó sì tó lè lé e, ó ní láti mọ ibi tí a gbé bí i.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni tsetse. Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ọya ni Ọ̀yọ́ Ilé ti ń ra ẹṣin ogun, àti pé ẹṣin kì í pẹ́ kú nínú igbó wa. Tsetse wà lára ohun tí ó fà á. Ní 1895, David Bruce, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní ilẹ̀ Súlú pé eṣinṣin yìí ni ó ń gbé kòkòrò àrùn kan sínú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Tsetse kì í yé ẹyin. Ìdin kan ṣoṣo ni ó ń bí lẹ́ẹ̀kan, sínú erùpẹ̀ abẹ́ ibòji. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, pàkúté aṣọ aláró, àwọ̀ tí ó máa ń fà á, lè dín in kù gidigidi. Ní agbègbè Lafia, ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ tún tú akọ tí wọ́n ti ba agbára ìbímọ rẹ̀ jẹ́ sílẹ̀, kí abo má baà rí ọmọ bí.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé. Ní Kuje, ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ilé ti gba ibi igbó. Ẹni tí ó bá ń so màlúù mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí ọjọ́ pípa tó pé, ọ̀tá mìíràn ni kí ó máa ṣọ́: eṣinṣin ilé ẹran, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Stomoxys. Ó jọ eṣinṣin inú ilé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ẹran ni ó ń jẹ jù. Bí ẹ bá rí màlúù tí ń fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀, tí kò sì jẹun, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹran tí kò jẹun yóò rù, èrè ẹni tí ó ni ín yóò sì rù pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré gbé oògùn apakòkòrò. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni eṣinṣin yìí ń lò lára ẹran lóòjọ́. Ara ògiri àti igi ni ó ti ń sinmi nígbà ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí a fọ́n sí ẹran tí a óò pa lọ́la lè bá a dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Bí oògùn bá di dandan, kí a béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó pa ẹran náà.

Inú ẹlẹ́bọ́tọ̀ tí ó pò mọ́ koríko àti ìtọ̀ ni eṣinṣin yìí ń yé sí. Ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹyin náà tó di eṣinṣin. Ẹni tí ó bá ń kó ẹlẹ́bọ́tọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ó sì ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí oòrùn kí ó gbẹ, ti pa ìdin kí ó tó hu ìyẹ́.

Ọlọ́run yóò bá wa lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì, ọwọ́ wa ni ó wà.