Èsì Ìdánwò Tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣe Fúnra Rẹ̀

[Ìró agogo ilé-ìwé. Ariwo ọmọdé. Ó rọlẹ̀.]

SỌ̀RỌ̀SỌ̀RỌ̀: Ìparí sáà kẹta dé. Àkókò yìí ni oorun máa ń wọ́n tíṣà. Á ro máàkì, á kọ ọ́ sínú ìwé èsì lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún un rò, nítorí bàbá ọmọ kan lè dé lọ́la kó ní wọ́n rẹ́ ọmọ òun jẹ. Àwọn ilé-ìwé kan ti bọ́ nínú ìyẹn. Máàkì wọn ti wà nínú databeèsì, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú ìsọfúnni sórí kọ̀ǹpútà, irú bíi Microsoft Access. Akọ̀wé á tẹ bọ́tìnnì kan, ìwé èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan á jáde ní fáìlì PDF, ó ku kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òbí lórí WhatsApp.

[Orin díẹ̀]

Ilé-iṣẹ́ Adobe ní Amẹ́ríkà ló gbé PDF jáde ní 1993. John Warnock, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ló pilẹ̀ èrò rẹ̀: kí ojú-ìwé tí èèyàn ṣe lórí kọ̀ǹpútà kan rí bákan náà lórí òmíràn, àti lórí bébà. Ó di ìlànà àgbáyé lábẹ́ àjọ ISO ní 2008. Access ò tètè mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí Access 2007 dé, àfikún ọ̀tọ̀ lèèyàn ní láti lọ gbà kó tó lè sọ rípọ́ọ̀tù, ìyẹn ìwé èsì tó ti tò, di PDF. Ṣáájú ìgbà náà, ètò kan làwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lò, tó ń ṣe bí ẹni pé pírìntà lòun, tí ohun tó bá tẹ̀ sì ń di fáìlì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ò lọ́jú pọ̀. Kọ̀ǹpútà á béèrè àwọn ọmọ kíláàsì lọ́wọ́ databeèsì. Á mú ẹni àkọ́kọ́, á ṣí rípọ́ọ̀tù fún nọ́ńbà ọmọ yẹn nìkan, á sọ ọ́ di PDF, á tì í, á bọ́ sórí ẹni kejì. Títì yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Bí ẹni tó kọ ètò náà bá gbàgbé rẹ̀ nínú Access, ogójì fáìlì lè jáde pẹ̀lú ogójì orúkọ, kó jẹ́ èsì ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn. Òbí á wá máa na ọmọ tirẹ̀ nítorí máàkì ọmọ ọlọ́mọ! Nọ́ńbà ìwọlé ọmọ, tí wọ́n fi ń sọ fáìlì lórúkọ, náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ń kọ ọ́ bíi 2023/014, Windows ò ní gba ìlà ìdábùú yẹn nínú orúkọ fáìlì. Dáàṣì ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

[Ìró pírìntà]

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí orúkọ wa ṣe ń bàjẹ́ nínú PDF. Fọ́ńtì, ìyẹn bátànì lẹ́tà, mẹ́rìnlá ni Adobe là sílẹ̀ pé kí ẹ̀rọ tó ń ka PDF mọ̀. Helvetica, Times àti Courier wà níbẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lábẹ́, ìyẹn ẹ, ọ àti ṣ, kò sí nínú wọn. Ètò tó bá gbára lé wọn á fi àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo sáàárín orúkọ ọmọ. Fọ́ńtì tó gbọ́ Yorùbá ni kí a lò, kí a sì fi òun fúnra rẹ̀ sínú fáìlì náà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò parí: Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ohùn òkè bá gorí rẹ̀, àmì ọ̀tọ̀ ni, fọ́ńtì tí kò mọṣẹ́ á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan ní kí a kúkú yọ àmì kúrò. Èmi ò gbà. Access ti ń tọ́jú Unicode láti ẹ̀dà 2000, nítorí náà bí àmì bá sọnù nínú databeèsì, ọwọ́ ẹni tó tẹ orúkọ wọlé ni ẹjọ́ wà lọ́pọ̀ ìgbà. Kí akọ̀wé tó tẹ bọ́tìnnì fún odindi ilé-ìwé, kó kọ́kọ́ fi ọmọ kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnbùnmi dán an wò, kó sì ṣí fáìlì náà lórí fóònù òbí, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí fọ́ńtì ti wà tẹ́lẹ̀.

[Orin ìparí]