Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ìkánjú Fín Síídì Yín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ àwo síídì, èyí tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní sede.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé. Òun nìkan ni ó kù tí ó mọ oríkì ìdílé náà délẹ̀. Àwọn ọmọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Wọ́n gbé e lọ sí ọjà, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní kọ̀ǹpútà bá wọn fín in sórí síídì 10, kí ẹbí lè pín in. Ìṣẹ́jú 3 péré ni ó fi fín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tí ó yá, ìyá kú, fóònù náà sì sọnù. Ní ọjọ́ ìrántí òkú, wọ́n ki síídì bọ inú ẹ̀rọ. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fò, ó ń ta pọ́ọ́pọ́ọ́, ó dákẹ́. Ta ni wọn yóò tún lọ bá pé kí ó ki wọ́n?

Kí ni ó fa èyí? Ó lè jẹ́ àwo tí kò dára, ó lè jẹ́ oòrùn tàbí eruku. Ṣùgbọ́n ìkánjú ẹni tí ó fín in náà wà nínú ohun tí ń fà á, òun ni a ó sì sọ̀rọ̀ lé lórí.

Oríṣi síídì méjì ni ẹ máa ń rí. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi òǹtẹ̀ tẹ̀. Irú rẹ̀ ni Philips àti Sony gbé jáde fún títà ní ọdún 1982. Èkejì ni àwo òfìfo tí a ń rà lọ́jà láti fi gba ohùn tiwa. Nínú èkejì yìí, àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà bí aró. Ẹ̀rọ ní iná kékeré kan tí a ń pè ní lésà. Iná yìí ni ó ń jó àwọ̀ náà ní àmì wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò lè rí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń yí po yí po, títí yóò fi dé etí. Bí a bá na ìlà yẹn bí okùn, gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 5 lọ.

Ẹ wo ẹni tí ó ń fi irin gbígbóná fín igbá. Bí ó bá sáré fa irin náà kọjá, ìlà yóò hàn níbì kan, kò ní hàn níbòmíràn. Bí ó bá sì fi irin jókòó sójú kan, yóò jó igbá náà kọjá bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti lésà àti àwọ̀ inú síídì.

Ẹ̀rọ ní nọ́ńbà fún eré rẹ̀. Nọ́ńbà 1 ni pé iṣẹ́ náà gùn tó orin náà fúnra rẹ̀: orin ìṣẹ́jú 80 yóò gba ìṣẹ́jú 80. Ní nọ́ńbà 8, ìṣẹ́jú 10 ni. Ní nọ́ńbà 16, ìṣẹ́jú 5 ni. Ní nọ́ńbà 52, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí.

Ní 52, àwo ń yí tó nǹkan bí 10,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tẹ́jú dáadáa, yóò máa gbọ̀n. Lésà ní láti jó kíkankíkan láàárín àkókò tí kò tó nǹkan, etí àwọn àmì kì í sì í gún mọ́. Ẹ rántí àwọn ọmọdé tí wọ́n so ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n ń yí òpó ká: ẹni tí ó wà létí ni ó ń sáré jù. Bákan náà ni etí àwo. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé orin ìparí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tí ń kọrin gbọ́n. A ti fọ́n ọ̀rọ̀ ká sórí àwo bí àgbẹ̀ tí ó pín irúgbìn rẹ̀ sí oko mẹ́ta, kí ọ̀dá má baà pa gbogbo rẹ̀. Bí ó bá pàdánù díẹ̀, yóò fi èyí tí ó kù wá a rí. Nítorí náà, síídì tí a fi ìkánjú fín lè kọrin dáadáa lónìí. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ti pọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Bí ìhà bá wá ha á, tí ooru sì mú un, ẹ̀rọ kò ní rí ibi tí yóò ti tún un ṣe mọ́.

Àwọn kan ń sọ pé bí ẹ̀rọ bá rọra fín síídì, ohùn yóò dùn sí i. Irọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń rí bẹ́ẹ̀; bí a bá fi eré dà á kọ, ohùn rẹ̀ lè di aláìmọ́. Síídì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá lè ka àmì rẹ̀, ohùn tí ẹ fi sí i gan-an ni yóò sọ. Bí ohùn orí fóònù bá ti ń hó ṣáá, eré kankan kò lè wò ó sàn.

Ẹ má sì sọ pé kí ó fín in ní 1. Àwo tí wọ́n ń ṣe ní ọdún àìpẹ́ yìí, eré ni wọ́n ṣe àwọ̀ rẹ̀ fún. Bí ẹ bá fà á jù, irin ti jókòó sójú kan nìyẹn. Ẹ wo ara àwo tàbí páálí rẹ̀. Nọ́ńbà tí ó lè gbà máa ń wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 52, ẹ sọ fún un pé: «Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fín in ní 16 fún mi.» Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá gba 8 tàbí 24, ìyẹn náà dára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ó fi dúró.

Kí ó má fi kọ̀ǹpútà náà ṣe iṣẹ́ mìíràn nígbà náà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, àwo náà ti bàjẹ́, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fín in. Kí ó pa àwo náà dé ní ìparí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ tí ó wà nílé yín lè má gbà á. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn Kátólíìkì bá ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo, ẹ má gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sí ìlú. Èrò ti pọ̀ jù, kò sí ẹni tí yóò fara balẹ̀ fún yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó fi sí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì gbọ́ orin tí ó kẹ́yìn. Ẹ má pa ti orí fóònù rẹ́. Ẹ tún fi ọ̀kan sí orí kádì ìpamọ́, kí ọmọ kan tí kò gbé inú ilé kan náà bá yín tọ́jú rẹ̀. Bí síídì àtijọ́ bá wà nínú àpótí yín, ẹ tètè dà á sí ibòmíràn nígbà tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ń pa, tàbí sábẹ́ páànù gbígbóná. Bíìkì kò dára láti fi kọ̀wé sórí síídì, nítorí ẹnu rẹ̀ le, ó sì ń ha á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má lẹ ìwé mọ́ ọn. Gègé ẹlẹ́nu rírọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, orúkọ abúlé, ọjọ́ àti ọdún sí i. Ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni láti bá yín kọ ìyẹn mọ́.